Ta Ni Ó Ń Gbọ́ Ọmọ Tí Ń Kàwé?

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní Ifẹ̀wàrà, ọmọdékùnrin kan tí kò tí ì pé ọdún méje wá bá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé mi, ó fi ìwé kíkà rẹ̀ há abíyá. Ó ní òun fẹ́ kàwé fún mi. Mo ní kí ó kà. Ó ṣí ìwé náà, ó dúró ṣinṣin bí ọmọ ogun, ó sì ka odindi ojú ewé kan láti òkè dé ilẹ̀ láìkọsẹ̀, ohùn rẹ̀ ń lọ sókè sódò bí ẹni tí ń kọrin. Inú mi dùn. Ṣùgbọ́n bí mo ti gbé iná súnmọ́ ọn, mo rí i pé ojú ewé tí ó ṣí kọ́ ni ó ń kà. Ẹ̀kọ́ kẹrin ni ó wà lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀kọ́ kẹfà ni ó wà lójú rẹ̀. Mo bá a ṣí ẹ̀kọ́ kẹrin, mo fi ọwọ́ bo àwọn ọ̀rọ̀ yòókù, mo fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan hàn án, "ewúrẹ́", mo sì bi í pé kí ni èyí. Ó wo ojú mi, ó wo ìwé, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè, kí orin náà lè gbé e dé ibi tí mo fi ìka sí.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí kò tí ì pàdé irú ọmọ yìí. Kì í ṣe olódo. Ọmọ tí ó lè kọ́ odindi ojú ewé sórí láìmọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀, ọpọlọ rẹ̀ pé ṣánṣán. Ohun tí a bi í léèrè ni ó fún wa: a ní kí ó ké bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ké, ó sì ké. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rò ó pé, nígbà tí ìwé kọ́kọ́ dé ilẹ̀ wa, ta ni ó ń gbọ́ ọmọ tí ń kà á? Nítorí a sábà máa ń sọ ìtàn àwọn tí ó tẹ ìwé àti àwọn tí ó kọ́ ilé-ìwé, ṣùgbọ́n a kì í sọ ti ẹni tí ó jókòó tì í.

Ìtàn náà bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ọmọ tí a kó lẹ́rú. Ní ọdún 1821 ni ogun kó ìlú Òṣogùn, tí a sì mú Àjàyí pẹ̀lú ìyá rẹ̀. A tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà á lọ́wọ́ àwọn Pọtogí lórí òkun, ó sì gúnlẹ̀ sí Sàró. Àwọn tí ó kọ ìtàn ayé rẹ̀ sọ pé, ní ọjọ́ kìíní tí ó lọ sí ilé-ìwé ní ìlú Bathurst, ó padà wá tọrọ ìdajì kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ará ilẹ̀ rẹ̀ kan kí òun lè ra káàdì tí a tẹ lẹ́tà sí. Òun fúnra rẹ̀ kọ̀wé ní ọdún 1837 pé, nǹkan bí oṣù mẹ́fà lẹ́yìn tí òun dé Sàró, òun ti lè ka Májẹ̀mú Titun. Nígbà tí a bá sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọ, orí pípé Àjàyí ni a máa ń yìn, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí pé inú ilé àwọn míṣọ́nnárì ni ọmọ náà ń gbé. Ẹni tí ó kọ́ ọ ní òwúrọ̀ lè gbọ́ ọ ní alẹ́. Ìdajì kọ́bọ̀ ra káàdì, ṣùgbọ́n kì í ṣe káàdì ni ó dá ọ̀rọ̀ tí ó ṣì pè padà fún un.

Ọmọ yìí, tí a wá ń pè ní Samuel Àjàyí Crowther, ni ó tẹ ìwé àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní ọdún 1843. Kí ọdún 1850 tó dé, ìwé kékeré fún àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ láti kàwé ní èdè wa ti jáde láti ọwọ́ rẹ̀. Ohun tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe fún àwọn ọmọ kéékèèké kò kéré. Wọ́n fẹ́ kí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní ohùn tirẹ̀. Wọ́n fi àmì sábẹ́ e, o, àti s, kí ẹ, ọ àti ṣ lè yàtọ̀. Ìpàdé tí a ṣe ní Èkó ní ọdún 1875 sì tún ètò náà ṣe. Lẹ́tà 25 péré ni. Ọmọ tí ó bá mọ̀ wọ́n, tí ó sì lè so wọ́n pọ̀, ba, be, bẹ, bi, bo, bọ, bu, kò sí ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó lè dí i lọ́nà pátápátá. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kò rí irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ gbà, nítorí ní èdè tirẹ̀ lẹ́tà kan a máa ṣe onírúurú ohùn, òmíràn a sì máa jókòó láìsọ ohunkóhun.

Síbẹ̀ ìṣòro kan wà nínú rẹ̀ tí a kì í kíyèsí. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé tí àwọn bàbá wa kà, àti nínú púpọ̀ tí àwa náà ń kà, a kì í fi àmì ohùn sí gbogbo ọ̀rọ̀. Ẹ kọ gbólóhùn yìí sí ojú pátákó láìfi àmì ohùn sí i: "Baba gbe ọkọ lọ si oko." Kí ni bàbá gbé? Ọkọ́ tí a fi ń kọ ebè ni, tàbí ọkọ̀ tí a ń wọ̀, tàbí ọ̀kọ̀ tí a fi ń jagun, tàbí ọkọ obìnrin? Lẹ́tà kò lè sọ ọ́. Ọmọ gbọ́dọ̀ ka ọ̀rọ̀ dé òpin, kí ó ronú sí oko, kí ó padà wá sí ọ̀rọ̀ náà, kí ó tó mọ bí ẹnu rẹ̀ yóò ṣe pè é. Nítorí náà kò sí bí a ti lè ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ dáradára láìjẹ́ pé ó yé ni.

Ní ọdún 1846 ni Crowther àti Henry Townsend dé Abẹ́òkúta. Kò pẹ́ tí àwọn ará ìlú fi bẹ̀rẹ̀ sí pe àwọn tí ó gba ẹ̀sìn tuntun náà ní oníwèé, nítorí ìwé ni a fi ń dá wọn mọ̀. Àgbà àti ọmọdé ni ó ń kọ́ ABD ní ilé-ìwé Ọjọ́-Ìsinmi. Láàrin àwọn òṣìṣẹ́ Ìjọ pàápàá, oyè tí ó kéré jùlọ ni ti òǹkàwé, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa ka Ìwé Mímọ́ fún àwọn tí kò lè kà á. Èmi tí mo jẹ́ katikísì kò lè gbàgbé pé láti orí àtẹ̀gùn náà ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí gun òkè.

Ṣùgbọ́n Ìbàdàn ni ọkàn mi máa ń lọ sí jùlọ. Ní ọdún 1853, David Hinderer àti Anna aya rẹ̀ tẹ̀dó síbẹ̀, ní Kúdẹtì. Olóyè Olúńlọ́yọ̀ fi àwọn ọmọ rẹ̀ méjì lé wọn lọ́wọ́, Yéjídé àti Akínyẹlé. Ẹ ro bí ó ti ṣòro tó fún olóyè ìlú ajagun láti fi ọmọ rẹ̀ fún àlejò tí kò mọ èdè rẹ̀ dáradára! Àwọn ọmọ mìíràn sì tẹ̀ lé wọn, àwọn mélòó kan sì di ọmọ inú ilé. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun, níbẹ̀ ni wọ́n ti ń ránṣọ, níbẹ̀ ni wọ́n ti ń kàwé. Obìnrin tí ń kọ́ wọn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ń kọ́ èdè Yorùbá lọ́wọ́ wọn. Ó ń ṣìwí, wọ́n ń bá a tún un ṣe. Wọ́n ń ṣì kà, ó ń bá wọn tún un ṣe. Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1860, tí ọ̀nà dí, tí oúnjẹ sì wọ́n, kò tú agbo náà ká. Nínú Ìjọ Kúdẹtì yìí ni Daniel Olúbí ti ṣiṣẹ́. Láti ibẹ̀ náà ni R. S. Oyèbọ̀dé ti wá, ẹni tí ó ṣiṣẹ́ ní Iléṣà ní àwọn ọdún ìkẹyìn ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Báyìí ni iná tí a dá ní Kúdẹtì ṣe ràn dé ẹkùn tiwa.

Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kò ṣàìmọ̀wé pátápátá kí Oyèbọ̀dé tó dé. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí a ti kó lẹ́rú padà wá láti Sàró àti láti ilẹ̀ Brazil. Ọ̀kan nínú wọn, Frederick Kúmókun Haastrup, gun orí ìtẹ́ ní Iléṣà ní ọdún 1896, a sì pè é ní Ọwá Ajímókò. Ọba tí ó mọ ìwé kà nìyẹn, ní ìlú tí àwọn tí ó mọ ìwé kà kò pọ̀.

Níbí ni mo ní láti jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ kan. Yorùbá inú ìwé wa, ti Ọ̀yọ́ ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, pẹ̀lú ohun tí a bù láti Abẹ́òkúta. Kì í ṣe èdè tí ọmọ Ìjẹ̀ṣà ń gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ a máa pe ilé ní ulé, a sì máa pe iṣu ní usu. Ní ọdún kìíní tí mo di olùkọ́, ní ilé-ìwé kan tí n kò ní í dárúkọ, mo kọ ọ́ sí ojú pátákó pé, "Ilé bàbá mi tóbi." Gbogbo kíláàsì ké e tẹ̀ lé mi. Mo wá pe ọmọbìnrin kékeré kan dìde kí ó dá a kà. Ó tẹjú mọ́ pátákó, ó dákẹ́ díẹ̀, ó sì wí pé, "Ulé bàbá mi tóbi." Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Mo gbá a lọ́wọ́ ní pàṣán. Láti ọjọ́ náà títí tí mo fi kúrò níbẹ̀, n kò tún gbọ́ ohùn ọmọ náà lẹ́nu ìwé àfi nígbà tí gbogbo wọn bá jọ ń ké.

Ó pẹ́ kí n tó mọ ohun tí mo ṣe. Nínú gbogbo kíláàsì ní ọjọ́ náà, òun nìkan ni ó kàwé. Ojú rẹ̀ mú ọ̀rọ̀ náà, ọkàn rẹ̀ rí ilé, ẹnu rẹ̀ sì pè é bí wọ́n ti ń pè é ní ilé wọn. Àwọn tí kò ṣì í rárá, ohùn mi ni wọ́n ń dá padà fún mi. Ní ilẹ̀ New Zealand, ní àwọn ọdún 1960, obìnrin kan tí ń jẹ́ Marie Clay jókòó ti àwọn ọmọ ọdún márùn-ún bí wọ́n ti ń kàwé, ó sì ń kọ àṣìṣe wọn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe iye àṣìṣe nìkan ni ó ń wò. Ó ń bèèrè pé: àṣìṣe yìí, ó ha bá ìtumọ̀ mu bí? Ọmọ náà ha mọ̀ fúnra rẹ̀ pé òun ṣìnà, ó ha padà láti tún un ṣe bí? Bí a bá fi òṣùwọ̀n yẹn wọn ọmọbìnrin mi, orí ni ì bá gbé e dé, kì í ṣe pàṣán.

Níbo ni a ti rí ìké náà? Ó ti pẹ́. Àwọn ọmọ ilé-kéwú ń ké kí a tó dé, àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ké ní ayé àtijọ́. Ìwé kan ṣoṣo fún ogún ọmọ ni ó fa òmíràn. Ṣùgbọ́n òfin pẹ̀lú ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Ní ọdún 1882 ni ìjọba ṣe òfin ẹ̀kọ́ ní Èkó, tí ó fi owó ìrànlọ́wọ́ sí ìwé kíkà àti kíkọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí kò sì ka èdè wa sí. Bí àwọn ọmọ bá ti ṣe sí níwájú alábẹ̀wò ni owó ṣe ń wọlé. Kí ni olùkọ́ tí ó ní ọgọ́ta ọmọ, tí alábẹ̀wò sì ń bọ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, yóò ṣe bí kò ṣe kí ó mú kí gbogbo wọn kọ́ ìwé náà sórí? Lóòótọ́ òfin náà kò dé Iléṣà nígbà náà, kò sì dé Ifẹ̀wàrà. Ṣùgbọ́n olùkọ́ a máa kọ́ni bí a ti kọ́ ọ, púpọ̀ nínú àwọn olùkọ́ wa ìṣáájú sì ti apá Èkó àti Abẹ́òkúta wá. Ìròyìn Phelps-Stokes ti ọdún 1922 dá irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́bi, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì tẹ̀ lé e ní ọdún 1925, wọ́n ní kí a máa fi èdè àbínibí kọ́ àwọn ọmọ ìbẹ̀rẹ̀. Ìwé ti wà fún un. J. F. Ọdúnjọ ṣe Aláwíyé, orúkọ tí ó dára jùlọ tí mo mọ̀ fún ìwé kíkà ọmọdé, nítorí ó sọ fún olùkọ́ ohun tí ó yẹ kí ó jẹ́.

Nígbà náà ni ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955 dé, tí ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Ní ọdún 1954, àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 457,000. Ní ọdún 1955 wọ́n lé ní 811,000. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bu ẹnu àtẹ́ lu ọdún náà níwájú mi, nítorí nípasẹ̀ rẹ̀ ni àwọn ọmọ àgbẹ̀ kòkó ìhà wa fi wọ ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí a kọ́ ní iṣẹ́ kò lè di ìlọ́po méjì ní òru ọjọ́ kan. Ọmọ pọ̀, etí tí yóò gbọ́ wọn kò tó. Ìké sì tún padà wá.

Modákẹ́kẹ́, tí kò jìnnà sí wa, ni a ti dán ohun mìíràn wò. Ní oṣù kìíní ọdún 1970, Yunifásítì Ifẹ̀, lábẹ́ ìdarí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá, pẹ̀lú owó àjọ Ford Foundation ti Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's "A". A pín àwọn ọmọ sí ọ̀nà méjì. A fi Yorùbá kọ́ àwọn kan ní gbogbo ẹ̀kọ́ wọn fún ọdún mẹ́fà, ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ, a sì fi olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́ náà kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan. Àwọn yòókù ń lọ bí a ti ń ṣe tẹ́lẹ̀: Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, Gẹ̀ẹ́sì fún mẹ́ta ìkẹyìn. Àwọn ìwé tí wọ́n fẹ́ lò kò sí nílẹ̀, nítorí náà wọ́n kọ wọ́n. Ìwé tí Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ròyìn iṣẹ́ náà jáde ní ọdún 1989. Ohun tí wọ́n rí ni pé àwọn ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ ṣe dáradára ju àwọn yòókù lọ nínú ẹ̀kọ́ wọn, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹnìkan lè wí pé ìwé titun àti olùkọ́ tí a tọ́jú dáradára ni ó ṣe é, kì í ṣe èdè nìkan. Èmi kò ní í bá a jà. Ọmọ tí ó ń kà ohun tí ó yé e lè bèèrè ìbéèrè. Olùkọ́ tí a sì bi ní ìbéèrè ní láti gbọ́. Èdè ni ó ṣí ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹnìkan wà nínú ilé.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fi àṣẹ sí i pé kí a máa fi èdè àbínibí kọ́ni fún gbogbo ọdún mẹ́fà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀; ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ó kéde pé òun fagi lé e. Bí wọ́n ti ń fà á lọ fà á bọ̀ ní Àbújá, ọmọ ọdún mẹ́fà ní Ifẹ̀wàrà yóò mú ìwé lọ sílé ní ìrọ̀lẹ́ òní, ẹni tí yóò sì bá nílé kì í ṣe mínísítà.

Nípa ti kíláàsì, ohun tí mo ń ṣe nísinsìnyí kò le. Mo máa ń pe ọmọ márùn-ún tàbí mẹ́fà jókòó yí mi ká, nígbà tí àwọn yòókù ń kọ̀wé. Kí a tó kà, a ó sọ̀rọ̀ nípa àwòrán. Olúkúlùkù yóò kà fúnra rẹ̀ ní ohùn jẹ́jẹ́, èmi yóò sì máa tẹ etí sí ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn. Bí ọmọ bá kọsẹ̀, n kì í tètè fi ọ̀rọ̀ náà sí i lẹ́nu. Mo máa ń ní kí ó kà á dé òpin, kí ó sì padà wá. Bí ó bá wí pé ulé, mo máa ń wí pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, ulé ni. Báwo ni ìwé ṣe pè é?" Ó gba ọ̀sẹ̀ kan kí n tó gbọ́ gbogbo wọn tán. Alábẹ̀wò kan wí fún mi pé kíláàsì mi dákẹ́ jù.

Ti ilé ni ó ṣòro. Púpọ̀ nínú àwọn òbí ni ó gbàgbọ́ pé ẹni tí kò mọ̀wé kò ní ohun tí ó lè ṣe. Ọmọdékùnrin tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀ ni ó ń gbé. Mo lọ bá mámà náà, mo kúnlẹ̀ kí i, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó máa gbọ́ ọmọ náà ní alalẹ́.

Ó rẹ́rìn-ín. "Tíṣà, ẹ̀yin náà! Èmi tí n kò mọ A yàtọ̀ sí ọ̀pá, kí ni mo fẹ́ gbọ́ níbẹ̀?"

Mo ní, "Mámà, ṣé ẹ máa ń pàlọ́ fún un?"

Ó ní, "Ta ni kì í pàlọ́ fún ọmọ?"

Mo ní, "Bí ó bá ń pàlọ́ fún yín, tí kò sì yé yín, kí ni ẹ máa ń ṣe?"

Ó ní, "N ó dá a dúró ni. N ó ní kí ó sọ ọ́ dáradára."

Mo ní, "Ohun tí mo wá bẹ̀ yín fún náà nìyẹn."

Nǹkan bí oṣù kan lẹ́yìn èyí, mo ń kọjá lọ ní ẹ̀yìn ilé wọn lẹ́yìn ìsìn ìrọ̀lẹ́. Mámà náà ń ṣa ẹ̀wà sínú àwo, ọmọ náà sì wà lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìwé wà lórí eékún rẹ̀. Kò kọrin mọ́. Ó ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀, ó ń lọ díẹ̀díẹ̀, ó ń ṣì í, ó ń padà. Ó kà á pé ewúrẹ́ jẹ iṣu tán.

Ìyá àgbà dá ọwọ́ dúró nínú àwo. Ó ní, "Dúró ná. Ewúrẹ́ ta ni?"

Ọmọ náà wo ojú ewé náà láti òkè dé ilẹ̀, kò rí i níbẹ̀, ó sì ṣí èkejì.